Àyè Lẹ́tà Mẹ́ta

Alámì ni a ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, ṣùgbọ́n kò bínú sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ka gbogbo ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, kó fi àmì sórí lẹ́tà tí kò ní àmì, kó yọ ọ́ kúrò lórí èyí tí kò yẹ kó ní. Ọjọ́ tí akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé alága ìlú "kọ̀ ilé-ìwé," Alámì ló fi bírò pupa rẹ̀ sọ ọ́ di "kọ́," tí alága fi rí ọpẹ́ gbà dípò èébú. Olóòtú wa sọ ọ́ lójú gbogbo wa lọ́jọ́ náà pé bí kò bá sí obìnrin yìí, inú ẹ̀wọ̀n ni à bá ti máa gbé ìwé ìròyìn jáde.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, Alámì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ó bá rí pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí lójú ọ̀nà tí àmì rẹ̀ kò pé, á dúró, á wò ó, á mi orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ìwé ìpè dé láti ọ̀run, Alámì á kọ́kọ́ yẹ àmì rẹ̀ wò ná.

Lẹ́tà kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá àgbà kan kọ̀wé sí wa pé láàárín oṣù kan, ìgbà mọ́kànlá ni òun ka "àgbàyà" lójú ìwé àkọ́kọ́ wa. Ó wá bi wá pé: ṣé àwa tí à ń kọ ọ́ kò ní í darúgbó ni? Olóòtú ka lẹ́tà náà sókè níbi ìpàdé, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ìyàwó ń sọ ọ́ sọ́kọ, ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ sọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ń ta ìwé ìròyìn. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín ní ohun tí èèyàn ń sọ lórí ibùsùn ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé síta fún gbogbo ayé. Àríyànjiyàn náà gùn títí tíì wa fi tutù nínú ife.

Nígbà tó sú olóòtú, ó ní kí Alámì lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: báwo ni àwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe ń lò ó, ta ni à ń pè bẹ́ẹ̀, níbo ló ti bójú mu, níbo ni kò ti bójú mu. Kó kọ ojú ìwé kan péré sínú ìwé ìlànà tí a fẹ́ máa fún àwọn akọ̀ròyìn tuntun. Oṣù márùn-ún ló kù kí Alámì fẹ̀yìn tì. Ó gba iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Yàrá tí à ń kó ìwé àtijọ́ sí wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé, gílóòbù ibẹ̀ a sì máa ṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tàn. Alámì gbé àga lọ síbẹ̀, ó gbé páálí bàtà kan tó kún fún ègé ìwé. Ibi tó bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, á da gbólóhùn rẹ̀ kọ sórí ègé kan, á kọ ọjọ́ sí i, á kọ orúkọ ìwé ìròyìn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ka ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ mẹ́rin àti mágásíìnì mẹ́ta. Bó bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, eruku á ti kun imú rẹ̀ méjèèjì, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ohun tó rí kì í ṣe kékeré. Nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́, inú àkọlé ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé. Kì í sọ̀kalẹ̀ wá sínú ìròyìn gan-an. Lókè, wọ́n á kọ "Ẹ wo àgbàyà yìí o", nísàlẹ̀, ẹni kan náà á di "bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin." Nínú mágásíìnì àwọn obìnrin, ojú ewé ìmọ̀ràn ló wà, ọkọ ni wọ́n sì fi ń bú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà a máa fi pe ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Àgbàyà ni mí, mo ṣì ń fo okùn pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi." Nínú mágásíìnì bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà di oríkì: aṣọ́lé kan tó ti lé lógójì ọdún tí ó ṣì ń fò bí ológbò ni wọ́n ń pè ní "àgbàyà wa." Àwọn tó ń kọ nípa òṣèlú kì í fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, inú àmì àyọlò ni wọ́n ń tì í sí, kó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlẹ́nu. Bó bá sì jẹ́ obìnrin, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi "ìyá" ṣáájú rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti gbà pé tọkùnrin lòun.

Èyí tó dùn ún jù ni pé nínú ègé ìwé igba ó lé méje tó wà nínú páálí rẹ̀, kò rí olówó kan ṣoṣo. Olówó tó bá hu irú ìwà kan náà, "gbajúmọ̀ oníṣòwò" ni wọ́n ń pè é. Alámì kọ ìyẹn sílẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn, ìbínú náà dùn mọ́ ọn. Ó máa ń dùn kéèyàn máa ká àṣìṣe mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olóòtú ní kó ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wa. Ó kà á dáadáa, a rẹ́rìn-ín, pàápàá níbi tó ti fi ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ó wá pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì fi tirẹ̀ kún un pé ẹni tó kọ irú àwọn àkọlé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣáájú làákàyè rẹ̀ délé. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí pé tábìlì mi ló kángun sí tirẹ̀, mo sì mọ bí iṣẹ́ náà ti rí lára rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn ló padà sínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn láti wo ìwé ọdún kan tí kò tíì yẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá náà tẹ́lẹ̀ kì í da nǹkan kan nù. Lẹ́yìn ìwé ìròyìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó so ìwé àyẹ̀wò ọjọ́ náà mọ́ ọn, ìyẹn ìwé tí Alámì máa ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe sí kó tó lọ sídìí ẹ̀rọ. Lójú ìwé keje ìwé ìròyìn kan tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó rí àkọlé kékeré kan: "Àgbàyà ṣi ilé wọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì obìnrin ló sùn sí." Ó dà á kọ sórí ègé ìwé. Ó wá ṣí ìwé àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ akọ̀ròyìn tó kọ ọ́.

"Àgbàlagbà" ni akọ̀ròyìn náà kọ. Ẹnì kan ti fa ìlà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá, ó pa lẹ́tà mẹ́rin rẹ́, ó fi ẹyọ kan dípò wọn. Ní ilé-ìwé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa pé "gb" jẹ́, ṣùgbọ́n lójú ìwé, àyè méjì ló ń gbà. Lẹ́tà mẹ́rin jáde, ọ̀kan wọlé, àyè mẹ́ta ṣófo, àkọlé náà sì bọ́ sínú àpótí rẹ̀ rẹ́gí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ "àyè kò tó," àmì kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nílé-iṣẹ́ wa tó ń fi irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àfi Alámì.

Ó ka ìròyìn náà. Káfíńtà kan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, lọ sí ilé ìtọ́jú ojú. Wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n ní kó jókòó di ìgbà tí ojú rẹ̀ á là, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó rìn wálé lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta á lójú. Ilé méjìlá ló wà lábẹ́ òrùlé gígùn kan ṣoṣo ládùúgbò rẹ̀, ọ̀dà kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Ó wọ ilé kẹfà dípò ìkeje, ó bọ́ bàtà, ó sùn lọ fọnfọn. Obìnrin onílé ti ibi ìwẹ̀ dé, ó figbe ta, àwọn aládùúgbò pé jọ, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n mú bàbá lọ sílé. Obìnrin náà kò ní ẹ̀sùn kankan. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìròyìn náà, títí kan orúkọ bàbá àti ti àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń ka ìròyìn? Àkọlé ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ń bà lé, wọ́n á sì ṣí ìwé kọjá.

Alámì gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, kò rí nǹkan kan rántí. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ló ń kà lójúmọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ tì í lójú, pé kò tilẹ̀ rántí. Ó yẹ ẹ̀yìn wò, kò sẹ́nì kankan. Ó já ìwé àyẹ̀wò náà kúrò nínú okùn, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò ọwọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò mú bírò ilé-iṣẹ́ lọ sílé rí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi jẹun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó. Agbẹ̀bí ni, kò sí irọ́ tí obìnrin mọ̀ ọ́n pa tí kò tíì gbọ́ rí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó bi í léèrè ohun tó fi pa mọ́ sábẹ́ tìmùtìmù tó ń gbé wò láràárọ̀. Alámì mú un jáde, ó ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ títí dópin, ó wá béèrè bóyá bàbá náà ṣì wà láyé. Alámì ní òun kò mọ̀.

"Lọ wádìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bó bá ti kú, kó o bẹ Ọlọ́run. Bó bá wà láyé, òun gan-an lo máa bẹ̀."

Alámì fúnra rẹ̀ ló ní kí n má fi èyí tó kàn yìí pa mọ́: lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbàdúrà pé kí bàbá náà ti kú.

Kò kú. Alámì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ òwú kan tí wọ́n ti tì pa. Ó gbé àpótí ìjókòó kan dání, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Ẹsẹ̀ náà kò mì tẹ́lẹ̀. Òun ló fi òòlù gbá a lóru àná kó lè rí ohun gbé lọ. Obìnrin kan ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ, Alámì bi í léèrè ilé káfíńtà. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Bàbá Àgbàyà lẹ̀ ń wá? Ilé keje nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín, kò yínmú. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ orúkọ tí wọ́n fún ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ. Díẹ̀ ló kù kí Alámì padà.

Bàbá káfíńtà ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ojú rẹ̀ kò ríran tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ríran. Ó jókòó sábẹ́ ìbòòji ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gba àpótí náà, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti yẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí kò yẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyá," ló wí. "Òòlù ló yẹ̀ ẹ́."

Alámì ní ó ṣubú ni. Bàbá kò bá a jiyàn, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì, àpótí ti ṣe tán, ó tún dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alámì dúpẹ́, ó gbé e, ó sì kúrò níbẹ̀ láìsọ ohun tó bá wá. Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àpótí, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ àpótí ti san. Ẹnu tìrẹ ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà lọ lọ́wọ́ òfo. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú bàbá náà, ó ní iṣẹ́ ìwé ìròyìn lòun ń ṣe, ó dárúkọ ìwé ìròyìn wa. Ọwọ́ bàbá dúró lórí igi tó ń fá. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Alámì mú ìwé jáde nínú àpò, ó sì ka ohun tí akọ̀ròyìn kọ àti ohun tí òun fi bírò pupa sọ ọ́ dà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á.

Látìgbà tó ti ń lọ síbẹ̀, bàbá ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí oníbàárà tó bọ̀wọ̀ fún. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní "o."

"Ṣé o mọ̀ mí nígbà náà?"

"Rárá, bàbá."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Kí ni mo wá ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, bàbá. Àyè ni kò tó. Lẹ́tà mẹ́ta ló lé."

Bàbá náà gbé igi tó ń fá sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọkọ òun ti ń tún àga àti tábìlì ṣe ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn àkọlé yẹn, wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa wá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọlé. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ní kó má wá mọ́. Àwọn àna àwọn wá ṣe ìwádìí. Àwọn ọmọ àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ yẹn, kékeré wọn dàgbà, wọ́n fi lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ kò sókè ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Dẹ́rẹ́bà wá ńkọ́?"

Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Dẹ́rẹ́bà ni ọkọ obìnrin ilé kẹfà, ìyàwó rẹ̀ ló ni bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà ṣèèṣì sùn sí. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, òun gan-an ló fi bàtà sí káfíńtà lẹ́sẹ̀, tó fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ wálé, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì òun rọ̀ ju tiẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, káfíńtà wò ó pé ta ló lè kọ́ wọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn. Ó ní Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín sí òun lójú, ó lọ ta òun lẹ́yìn. Kò kí i mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dẹ́rẹ́bà wá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kò ṣí i. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ọdún méjìlá ni wọ́n fi gbọ́ ikọ́ ara wọn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Dẹ́rẹ́bà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bẹ káfíńtà pé kó bá àwọn kan pósí bàbá àwọn.

"Mo ní ọwọ́ ń dùn mí," bàbá náà wí láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ kankan kò dùn mí."

Alámì ṣì wà lórí eékún. Ìtìjú tirẹ̀ ló gbé wá síbẹ̀ kó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀; kò mọ̀ pé orí arúgbó kan ló máa gbé e kà. Ó ronú pé bóyá ì bá dára kí òun dákẹ́. Ó tún ronú pé ọkàn ojo ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, bàbá ní kó fa òun dìde. Ó di èjìká rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì tọ ògiri lọ dé ilẹ̀kùn kẹfà. Opó Dẹ́rẹ́bà ló ṣí i. Ó rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ó sún kúrò lọ́nà kí wọ́n lè wọlé. Alámì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọdé, bí eegun rẹ̀ ti rí yẹn, kò sì fẹ́ dìde. Opó náà gbé e jókòó. Ó ní ọkọ òun mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fura sí. Ó ní ó máa ń sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò yé e."

Ó wá fi kún un pé, "Ọjọ́ náà mà pẹ́ o."

Ìyàwó káfíńtà kò bá wọn wọ ilé kẹfà. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n. Ó sọ fún Alámì pé inú yàrá ni wọ́n ti sọ tiwọn tán, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ omi ni wọ́n ti ń pe òun ní ìyàwó àgbàyà. Ibẹ̀ ni kó ti wá sọ ọ́, tàbí kó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bó ṣe kọ tàkọ́kọ́.

Ọ̀dọ̀ olóòtú ni Alámì kọ́kọ́ lọ. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun já a, ó ní kí ìwé ìròyìn tọrọ àforíjì. Olóòtú wo ìwé náà títí, ó sì sọ pé ọdún mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù, pé agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ kò ní í gbà, pé ẹni tó bá sì kà á á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ó ní kí Alámì lọ fọkàn balẹ̀. Alámì wá sí ìdí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun lọ síbì kan lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ìpàdé àwọn ará ilé méjìlá náà ni, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ omi tó ń jò. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kà lórí bẹ́ǹṣì àti lórí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n fún Alámì láyè ṣáájú. Ó dìde, ó di àpò rẹ̀ mú níwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè, ó sọ gbogbo rẹ̀: ilé ìtọ́jú ojú, ilẹ̀kùn tó jọra, "àgbàlagbà" tí akọ̀ròyìn kọ, bírò pupa tirẹ̀. Ó ní òun lòun sọ bàbá lórúkọ burúkú, kì í ṣe ìwà bàbá, kì í ṣe Dẹ́rẹ́bà.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ìdajì àwọn tó jókòó níbẹ̀ kò tíì dé àdúgbò náà nígbà yẹn. Ìyàwó ilé kan tó gbọ́mọ pọ̀n nàwọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ṣé kì í ṣe orúkọ ìdílé wọn ni?" Ọkùnrin kan lẹ́yìn bi ẹnì kejì rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ta ni wọ́n ń wí, ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Gbogbo ojú yí sí bàbá, wọ́n tún yí sí opó. Ẹnì kan gbé ẹ̀rín mì. Mo wo Alámì, mo sì rí i pé ó ti yé e: ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó súnkì lójú mi. Mi ò tíì rí ojú àgbàlagbà tó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá káfíńtà ló gbà á sílẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òótọ́ ni, òun ṣi ilé wọ̀, àti pé bí wọn kò bá fẹ́ kí òun tún wá sùn sílé wọn, kí olúkúlùkù yáa lọ kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dà ọ̀tọ̀. Ẹ̀rín bú sílẹ̀, èyí tí òun náà wà nínú rẹ̀. Alága ìpàdé dúpẹ́ lọ́wọ́ Alámì, ó sì kọjá sórí ẹ̀rọ omi. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jiyàn lórí ẹ̀rọ náà, a kò sì lè dìde.

Alámì kọ ojú ìwé rẹ̀ tán. Àwọn àpẹẹrẹ láti inú ìwé ìròyìn ẹlẹgbẹ́ wa tó fi pa wá lẹ́rìn-ín, ó yọ gbogbo wọn. Tirẹ̀ nìkan ló fi síbẹ̀, láì dárúkọ bàbá, ó sì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni pé bí àyè kò bá tó, kí wọ́n lọ wá àyè. Olóòtú ní kó yọ tirẹ̀ kúrò. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ogójì ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìdágbére fún un, ẹnì kan láti orílé-iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan dìde, ó ní láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àṣìṣe kan kò gba ọwọ́ obìnrin yìí kọjá. A pàtẹ́wọ́. Alámì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣì ń lọ sí àdúgbò náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn kan ti ń pe bàbá ní Bàbá Káfíńtà, àwọn kan gbàgbé, àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ gbìyànjú. Bàbá a máa jẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n bá pè. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kẹfà láàárọ̀, òun àti opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dá Alámì lóhùn ìkíni kan dáadáa títí di òní. Bó bá ti rí i tó ń bọ̀, á wọlé, á gbé àga jáde, á gbé e kalẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, á tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Alámì ní bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Á jókòó sórí àga náà, á fi ọwọ́ méjèèjì sí itan, títí á fi tó àkókò láti lọ.